Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí òrùlé

Nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí òní ni mo gbọ́ ọ. Tó. Ó dákẹ́. Tó. Mo dìde jókòó lórí ibùsùn, mo tẹ́tí sí ẹ̀yìn fèrèsé. Bàbá Ìbejì kò gbọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ alẹ́ ló ti dé, oorun rẹ̀ wúwo. Mo gbé kóòtù lé aṣọ oorun, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òtútù láìwọ ìbọ̀sẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Etí òrùlé ń dán. Omi ń kóra jọ síbẹ̀, á wú, á gùn, á já bọ́ sórí yìnyín tó wà nílẹ̀, á sì gbẹ́ ihò kékeré kan síbẹ̀.

Ọjọ́ 41 ni omi kò ti kán lára ilé wa. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí: ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́, ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ kán, ọjọ́ tí a pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ọjọ́ tí pọ́ǹpù abẹ́ ilé kọ́kọ́ dún. Ọdún kọkànlá mi rèé ní ilẹ̀ òtútù, ìwé náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Ẹni tó bá gbọ́ ìró omi yẹn, inú rẹ̀ á dùn pé òtútù ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Inú tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ ni iṣẹ́ mi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá dì gbagidi, omi kò lè lọ síbì kankan. Ibi tí o bá fi í sí lánàá ni wàá bá a lónìí. Ìgbà tó bá ń yọ́ lọ́sàn-án, tó tún ń dì lóru, ìgbà yẹn ni omi ń rìn, ibi tí ẹnì kan kò rán an ló sì ń lọ. Ìgbà yẹn gan-an náà ni ara tí ń tu gbogbo wa, tí a ti ń wá ibi tí a máa kó kóòtù sí.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo kọ́ èyí, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́ ọ bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ìparí oṣù kejì ọdún ni. Táyé wá bá mi nínú ilé ìdáná, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan tó wà lókè yàrá wa. Ó jọ ẹja." Mo rò pé wọ́n ti ya nǹkan sára àjà ni. Nígbà tí mo débẹ̀, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú kan ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó sì jọ ẹja lóòótọ́. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ẹja náà ti tó ìrọ̀rí. Lóru, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ibùsùn Kẹ́hìndé. A gbé àwọn ọmọ lọ sí yàrá wa, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ ibẹ̀, a sì jókòó tì í di òwúrọ̀. Ohun tó rú mi lójú jù ni pé òjò kò rọ̀. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìràwọ̀ kún un.

Ọkùnrin tó wá wo òrùlé kò gun òkè rárá. Ìta ló dúró sí, ó na ọwọ́ sí àwọn ọ̀pá yìnyín gígùn tó rọ̀ láti etí òrùlé, àwọn tí mo ti ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí nítorí pé wọ́n rẹwà. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa báyìí. Ooru tí a ń fi owó rà nínú ilé ń gba ihò wẹ́wẹ́ inú àjà gòkè lọ sábẹ́ òrùlé. Ó wá ń yọ́ yìnyín orí òrùlé láti abẹ́. Omi yẹn á ṣàn lọ sí etí òrùlé. Ṣùgbọ́n etí òrùlé yọ síta kọjá ògiri, kò sí ooru kankan lábẹ́ tirẹ̀; bí omi bá ti débẹ̀, á tún dì. Ti òní á dì lé ti àná, títí á fi ga bí ìgbà tí wọ́n sé odò. Omi tó bá tún ń bọ̀ láti òkè á wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí adágún. Òrùlé onídàgẹ̀rẹ̀, omi tó ń ṣàn kọjá ni wọ́n kọ́ ọ fún, wọn kò kọ́ ọ fún omi tó dúró. Omi náà á wá fà gòkè lábẹ́ ìbòrí òrùlé, á bọ́ sínú àjà, á sì di ẹja lókè ibùsùn àwọn ọmọ mi.

Nítorí náà òrùlé wa kò jò. Inú ilé wa ló ń jò sókè.

Mo máa ń sọ gbólóhùn yẹn fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ilé ní ibi òtútù, nítorí ó yí bí mo ṣe ń wo ilé padà. Nígbà tí òtútù yẹn lọ tán, a gun òkè àjà, a wá gbogbo ihò tó wà níbẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ibi tí wáyà iná gbà wọlé, ẹ̀gbẹ́ páìpù tó ń tú atẹ́gùn ilé ìwẹ̀ síta, ẹnu ọ̀nà kékeré tí à ń gbà gun òkè àjà fúnra rẹ̀, tí kò ní nǹkan kan lórí ju pákó tín-ín-rín lọ. A dí gbogbo wọn, lẹ́yìn náà a tẹ́ òwú tó ń mú ooru dúró lé gbogbo orí àjà. A kò dí àwọn ojú afẹ́fẹ́ tó wà ní etí òrùlé o. Ó yẹ kí òkè àjà tutù bí ìta, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀pá yìnyín etí òrùlé wa kì í ju ìka ọwọ́ lọ.

A tún ra ohun èlò kan tó dà bí ọkọ́ pẹlẹbẹ tí ọ̀pá rẹ̀ gùn. Bí yìnyín púpọ̀ bá ti bọ́, ilẹ̀ ni Bàbá Ìbejì máa ń dúró sí, á fi fa yìnyín kúrò ní nǹkan bí mítà kan àtààbọ̀ sí etí òrùlé. Ilẹ̀ ni o, kì í ṣe orí àkàbà, kì í sì í ṣe abẹ́ ibi tí yìnyín máa já bọ́ sí. Mo ti rí ẹni tó fi àáké gé omi dídì kúrò ní etí òrùlé. Ìbòrí òrùlé ló gé. Bí omi bá ti sé síbẹ̀ ná, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Kẹ́hìndé bi mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé, bí oòrùn bá ti ń pẹ́ lójú ọ̀run, kí ló dé tí òtútù kò lọ? Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi nítorí òun ni èmi náà bi ara mi ní ọdún àkọ́kọ́ mi níbí. Ọjọ́ tí ọ̀sán kúrú jù ní ìhà àríwá ayé máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá. Láti ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, síbẹ̀ òtútù oṣù kìíní àti oṣù kejì ló máa ń mú jù. Mo sọ fún un pé kó ro ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tí ìnáwó rẹ̀ ṣì ju owó oṣù náà lọ. Owó ń wọlé lóòótọ́, gbèsè sì ń ga. Ooru tí ilẹ̀ àti òkun ń pàdánù ṣì ju èyí tí oòrùn ń san fún wọn. Ó di ìgbà tí èyí tó ń wọlé bá kọjá èyí tó ń jáde, kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Nígbà náà, oòrùn ṣì ń san gbèsè." Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹta, ọ̀sán àti òru á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àsìkò yẹn sì ni ìmọ́lẹ̀ ń yára pọ̀ jù láti ọjọ́ kan sí èkejì.

Ní àárín gbèsè yẹn ni gbogbo wàhálà ilé wà, nítorí lọ́sàn-án ìwọ̀n ooru á kọjá 0 °C, lóru á tún lọ sísàlẹ̀. Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Kò sí ògiri, kò sí sìmẹ́ńtì, kò sí páìpù tí èyí kò lè là bí omi bá há sínú rẹ̀. Ó wọ inú ìlà tóóró kan lọ́sàn-án, ó dì, ó fẹ ìlà náà díẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi tó pọ̀ ju ti àná ló wọlé.

Torí náà, lẹ́yìn tí mo bá ti gbọ́ ìró yẹn, ìta ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń mú ṣọ́bìrì, kí n kó yìnyín jìnnà sí ìdí ògiri, ó kéré tán ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin mi, yí ilé po. Ohun tó bá yọ́ nídìí ògiri, abẹ́ ilé ló ń lọ. Mo máa ń wo àwọn páìpù tó ń sọ omi òrùlé kalẹ̀, kí ẹnu wọn jìnnà sí ilé, kí wọ́n má sì tú omi sí ojú ọ̀nà tí a ń gbà rìn. Mo tún máa ń wo ojú ihò omi tó wà létí títì níwájú ilé wa. Bí ẹ̀rọ tó ń ro yìnyín ojú títì bá ti kó yìnyín bò ó, omi gbogbo àdúgbò kò ní ibi tó máa gbà. Èmi àti obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ni a máa ń gbẹ́ ẹ jáde. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọdún kẹfà rèé tí a ti jọ ń ṣe é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Lábẹ́ ilé, a ní pọ́ǹpù kan nínú kòtò kékeré tó ń fa omi jáde bó bá ti ń ga. Gbogbo òtútù ni kò fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà mi ò kàn ń gbà pé á dáhùn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì ni mo máa ń dà sínú kòtò yẹn, díẹ̀díẹ̀, kí n dúró. Bí ó bá dún, tó sì fa omi náà tán, mo kọ ọjọ́ sínú ìwé. Mo tún máa ń jáde lọ wo ibi tí omi ti ń tú síta, nítorí bí ẹnu páìpù yẹn bá ti dì, pọ́ǹpù á máa ṣiṣẹ́ lásán ni. Gbogbo páálí tó wà nílẹ̀ abẹ́ ilé á bọ́ sórí pèpéle. Ìwé ẹ̀rí, fọ́tò, aṣọ tí a kò tíì wọ̀: kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ fara kan ilẹ̀ láti ìsinsìnyí títí ilẹ̀ fi máa gbẹ.

Ohun kan wà tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ: kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé mọ ibi tí a ti ń ti omi gbogbo ilé pa. Kì í ṣe bàbá nìkan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn ìbejì, àwọn méjèèjì sì lè rìn débẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní àsìkò yìí, mo máa ń pariwo láti òkè pé, "Páìpù ti bẹ́!" Wọ́n á sáré, wọ́n á yí i, wọ́n á pè mí kí n wá wò ó. Páìpù máa ń dì nígbà tí òtútù mú, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá yọ́ ni omi tó máa ń gba ojú ibi tó ti là tú jáde. Nítorí náà ọjọ́ tí oòrùn yọ, tí gbogbo èèyàn ti lọ síbi iṣẹ́, lè jẹ́ ọjọ́ tí ilé kún fún omi. Ní òru tí òtútù bá ṣì le, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì tó wà lára ògiri ìta, kí ooru ilé lè dé ara páìpù ibẹ̀.

Ní ti afẹ́fẹ́ inú ilé, ọ̀rọ̀ náà kò gùn, àmọ́ kò ṣeé fi ṣeré. Ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì tàbí epo mú ilé gbóná ní páìpù kan tó ń tú èéfín rẹ̀ síta. Ti àwọn ilé kan wà lára ògiri, kò ga púpọ̀ sí ilẹ̀. Bí yìnyín bá bò ó, carbon monoxide, gáàsì olóró tó wà nínú èéfín yẹn, lè padà wọlé. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, orí fífọ́ àti oorun ló kọ́kọ́ ń fi hàn, ó sì ń pa èèyàn. A ní ẹ̀rọ tó ń ké fún un ní ẹ̀gbẹ́ yàrá tí a ń sùn, a sì ní ti èéfín iná. Ọjọ́ tí wọ́n bá sún aago síwájú ní wákàtí kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òtútù, ni mo máa ń tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò wọn, tí mo sì ń pààrọ̀ bátìrì. Ó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù; ibi tí wọn kì í bá ti sún aago, ẹ mú ọjọ́ kan tí ẹ kò ní gbàgbé. Ẹ tún wo ẹ̀yìn wọn fún ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀rọ èéfín tó bá ti lé ní ọdún 10, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kódà bó bá ṣì ń ké. Ẹni tó bá sì ń tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì kó lè gbóná, mo bẹ̀ ẹ́, kó wà á síta ná kó tó fi í sílẹ̀ kó máa gbóná.

Wàyí o, àwọn èèyàn inú ilé. Ibi tí ọkàn mi wà jù nìyí.

Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa. Ẹni ọdún 74 ni Màmá, ọdún kẹta wọn rèé nínú òtútù. Ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí a ń bẹ̀rù òtútù tó le, a kì í jẹ́ kí wọ́n dá nìkan jáde. Nígbà tó di oṣù kẹta, oòrùn yọ, a tú ọwọ́ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, gbì! Ọrùn ọwọ́ wọn ṣẹ́. Ohun tó wà lórí àtẹ̀gùn yẹn, ojú kò rí i. Omi ti kán síbẹ̀ láti etí òrùlé ní ọ̀sán àná, ó dì lóru, ó tín-ín-rín bí gíláàsì, àwọ̀ sìmẹ́ńtì ló sì ní. Mo jókòó tì wọ́n nílé ìwòsàn, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì tù mí nínú, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, má sunkún mọ́, ọwọ́ ni, kì í ṣe orí." Mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kí n má kàn da iyọ̀ sí orí àtẹ̀gùn, kí n wo òkè, kí n wo ibi tí omi náà ti ń kán wá. A yí ojú gọ́tà òrùlé padà, omi kò gba ibẹ̀ mọ́. Iyọ̀ dára nítorí ó ń jẹ́ kí omi nílò òtútù tó pọ̀ sí i kó tó lè dì, ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ tó nǹkan bí -10 °C, agbára rẹ̀ ti ń tán. Iyanrìn kì í yọ́ nǹkan kan, àmọ́ ó ń fún ẹsẹ̀ ní ibi dídìmú nígbàkígbà. Garawa iyanrìn kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ ló ń fọ́n ọn, ọmọdé tàbí àgbà. Màmá fúnra wọn ló kọ́ àwọn ìbejì bí wọ́n ṣe máa rìn: ẹ máa rìn bí ẹni tó ru omi. Ìgbésẹ̀ kúkúrú, àtẹ́lẹsẹ̀ kí ó kàn ilẹ̀ pẹlẹbẹ, ọwọ́ kí ó wà níta àpò. Mi ò tíì rí àlàyé tó dára ju ìyẹn lọ.

Òmíràn tún wà tó ń kan Màmá, èyí tí ojú kì í rí. Nígbà tó bá di oṣù kejì, ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀. Wọ́n á sùn ní ọ̀sán, wọ́n á ní kò sí nǹkan tó ń ṣe àwọn. Mo kọ́kọ́ rò pé àárò ilé ló ń sọ wọ́n. Dókítà wa ló ní kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé ní ibi tó jìnnà sí àárín ayé, oòrùn ìgbà òtútù kì í ga tó láti jẹ́ kí awọ ara ṣe fítámì D, àti pé awọ dúdú bíi tiwa nílò oòrùn púpọ̀ sí i kó tó ṣe é. Ó kọ oògùn tí wọ́n máa lò. Ẹ má dá oògùn yẹn lò fúnra yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Fúnra mi, mo gbé àga wọn kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, ibi tí oòrùn ń gbà wọlé ní ọ̀sán. Mo mọ̀ pé oòrùn tó gba inú gíláàsì kò lè ṣe fítámì kankan sí ara. Ìmọ́lẹ̀ ojú ni mo wá. Ní aago méjìlá ọ̀sán, bí ilẹ̀ kò bá yọ̀, a máa ń jáde rìn fún ìṣẹ́jú 20, ọwọ́ wọn nínú apá mi. Lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ni wọ́n ń pè mí pé àkókò ti tó.

Ti àwọn ìbejì yàtọ̀, nítorí àwọn kò bẹ̀rù nǹkan kan. Adágún omi kan wà lẹ́yìn ilé ìwé wọn. Láti ọjọ́ tí omi bá ti kán lára òrùlé wa, ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé adágún yẹn mọ́, ì báà jẹ́ pé gbogbo ọmọ kíláàsì wọn wà lórí rẹ̀. Omi dídì tuntun tó mọ́ gaara, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, lè gba ẹni tó ń rìn. Ṣùgbọ́n ti ìparí òtútù, bó tilẹ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, oòrùn ti jẹ inú rẹ̀. Ó ti di àwọ̀ eérú, kò sì ní agbára mọ́. Bí ẹnì kan bá jìn sí i, wọn kò gbọ́dọ̀ sáré lọ bá a. Kí wọ́n pe àgbà, kí wọ́n dùbúlẹ̀ sí etí bèbè, kí wọ́n na igi tàbí ìborùn gígùn sí i. Mo máa ń ní kí wọ́n tún un sọ fún mi, wọ́n sì máa ń rojú. Kí wọ́n rojú.

Aṣọ wọn náà fẹ́ ọgbọ́n. Òwúrọ̀ dì, ọ̀sán yọ́, torí náà kóòtù ńlá kan ṣoṣo kò wúlò tó ẹ̀wù mẹ́ta tí wọ́n lè bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kan ara kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti òwú. Òwú máa ń di òógùn mú, á sì tutù sí ọmọ lára. Irun àgùntàn ṣì ń mú ara gbóná bó tilẹ̀ rin. Nínú báàgì ìwé wọn, ìbọ̀sẹ̀ kan àti ìbọ̀wọ́ kan wà nínú ọ̀rá, nítorí yìnyín àsìkò yìí ti di omi lábẹ́, ó ń wọ bàtà. Bí bàtà bá rin, mo máa ń ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, mi ò ń gbé e sórí ẹ̀rọ ooru, awọ rẹ̀ á là. Mo sì ti wọn ẹsẹ̀ wọn báyìí, nítorí bàtà tí wọ́n wọ̀ ní ọdún tó kọjá nígbà tí ilẹ̀ gbẹ kò lè gbà wọ́n mọ́, mi ò sì fẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ilé ìwé.

Ọkọ̀: wáípà tuntun, omi gíláàsì tí kì í dì, kí a sì ṣọ́ra fún kòtò ojú títì, nítorí omi kan náà tó ń là sìmẹ́ńtì ló ń gbẹ́ wọn. Táyà òtútù kò tíì ní kúrò. Bàbá Ìbejì kì í yọ ọ́ títí òwúrọ̀ fi máa ń ju 7 °C lọ léraléra, torí pé ní ìsàlẹ̀ ìyẹn ni rọ́bà táyà lásán ń le.

Mi ò sì tíì kó nǹkan kan pamọ́. Lọ́dọọdún ni ọjọ́ mẹ́ta kan máa ń wá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí gbogbo èèyàn á kó kóòtù lọ sí òkè àjà, tí yìnyín á sì bọ́ ní ọjọ́ kẹrin. Mo wo inú ìwé mi: nínú ọdún mẹ́wàá tó kọjá, ìgbà méje ni yìnyín tún bọ́ lẹ́yìn tí mo ti kọ ọ́ pé ó tán. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà kí a bẹ̀rẹ̀ fún ìgbà ìrúwé ni irúgbìn òdòdó. Àwọn ìbejì gbìn ín sínú ife kékeré lánàá, wọ́n tò ó sí ojú fèrèsé Màmá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni á fi wà nínú ilé, lẹ́yìn náà a ó máa gbé e síta fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ara rẹ̀ lè mọ afẹ́fẹ́ àti oòrùn kí a tó lọ́ ọ sílẹ̀. Màmá ti ń bomi rin ín. Wọ́n ní àwọn ò nígbàgbọ́ pé àwọn ọmọ yẹn á rántí.

Níbi tí mo ti ń kọ èyí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù. Omi etí òrùlé ti ń fà sẹ́yìn, ìró rẹ̀ ti jìnnà síra wọn. Òtútù òru ti ń bọ̀. Táyé ti fọ́n iyanrìn. Màmá pè mí láti ibi fèrèsé, "Ìyá Ìbejì, wá wo ilẹ̀!" Mo lọ dúró lẹ́yìn àga wọn. Nídìí ògiri, níbi tí oòrùn ti kàn láti àárọ̀, ilẹ̀ dúdú ti yọ, kò fẹ̀ ju àtẹ lọ, ó tutù, ó ń dán. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí a ti rí ilẹ̀ mọ. A wò ó fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ wọn lórí ọwọ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹnu páìpù tó ń sọ omi kalẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lára èyí tó yẹ kó gbé omi jìnnà sí ilé, àti pé ìdí ògiri gan-an ló ń da gbogbo omi òní sí. Mo ní kí Kẹ́hìndé bá mi mú tọ́ọ̀ṣì, mo sì ń wá bàtà mi.